Oboe tàbí Bassoon? Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Fèrè Oníríìdì Aláwẹ́ Méjì Tí Ẹ Kò Ní Pa Tì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ fèrè oníríìdì aláwẹ́ méjì ló máa ń ṣi fèrè yàn. Wọ́n á gbọ́ oboe nínú orin kan, ọkàn wọn á fà sí i, wọ́n á lọ rà á. Kó tó pẹ́, àpótí rẹ̀ á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé wọn ò ní ẹ̀bùn orin. Etí ni wọ́n fi yàn án, bẹ́ẹ̀ ètè, ìka àti èémí ló máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohùn tó wù wọ́n yẹn, ẹni tó ti ń fọn ọ́n láti kékeré ló ni ín. Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá pàdé ni ríìdì, ìyẹn ẹnu fèrè tí a ń fọn, tó kọ̀ tí kò dún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yí ètò náà padà. Ríìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ara yín ni kí ẹ yẹ̀ wò tẹ̀ lé e, olùkọ́ ni kí ẹ wá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé fèrè gan-an. Owó ló kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ lè gbà tó oṣù méjì. Mo mọ̀ pé ara máa ń wà lọ́nà, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ríìdì oboe kan àti ríìdì bassoon kan, èyí tó rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Abala pẹlẹbẹ méjì ni ríìdì náà, láti ara koríko onípòpó tó jọ ọparun. Wọ́n so wọ́n kojú síra, èémí tó bá gba àárín wọn kọjá ló ń mú wọn gbọ̀n tí wọ́n fi ń dún. Ẹ má ra èyí tó le nítorí pé ẹnì kan sọ pé òun ni àwọn ọ̀gá ń lò.
- Ife omi kékeré kan. Omi lásán ló dára, kó má gbóná.
- Fóònù tó ní áàpù tó ń sọ orúkọ nóòtì, tó sì ń fi hàn bóyá ohùn ga jù tàbí ó relẹ̀ jù.
- Jígí tó lè fi ètè àti àgbọ̀n yín hàn dáadáa.
- Ìwé àti bírò.
- Ìpàdé kan pẹ̀lú ẹni tó ń fọn oboe, òmíràn pẹ̀lú ẹni tó ń fọn bassoon. Ìdajì wákàtí tó lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Fèrè kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Ìpele 1: Ẹ sọ ibi tí ẹ ti fẹ́ máa fọn ọ́n

Bó bá jẹ́ ọ́kẹ́sírà tàbí báàńdì onífèrè ló wà lọ́kàn yín, oboe àti bassoon ló wà níwájú yín. Oboe ló sábà máa ń gbé orin gan-an. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, kò sì síbi tó lè fara pamọ́ sí láàárín àwọn yòókù. Òun náà ló máa ń fún ọ́kẹ́sírà ní nóòtì A tí gbogbo wọn fi ń tún ohùn ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ àṣìṣe òun, kó rò ó re. Bassoon ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀: òun àti cello (gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀) ló jọ ń gbé ìdí orin ró, títí dìgbà tí ẹni tó kọ orin bá fẹ́ kó bọ́ síwájú láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín tàbí láti bà wọ́n nínú jẹ́. Àwọn tó ń fọn bassoon kò pọ̀ níbi púpọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níwọ̀nba kì í pẹ́ rí ẹgbẹ́ tó máa gbà á.

Bó bá jẹ́ ìta gbangba, ayẹyẹ àti ìlù ńlá ni, ẹ wo zurna ti Túrkì, shehnai ti Íńdíà, suona ti Ṣáínà tàbí algaita ti àwọn Hausa. Ríìdì aláwẹ́ méjì ni gbogbo wọn ń lò, ohùn wọn sì ń rìn jìnnà. Ìkìlọ̀: ẹ má rò pé wọ́n rọrùn torí pé ihò lásán ló wà lára wọn. Lẹ́nu ẹni tó ń fọn zurna tàbí algaita, odindi ríìdì ló ń wọnú ẹnu. Afẹ́fẹ́ tó kó sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń fọn nígbà tó ń fi imú mí sínú, kí ohùn má bàa já. Ọgbọ́n yẹn nìkan tó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù.

Bó bá jẹ́ inú yàrá ni ẹ fẹ́ máa jókòó sí, duduk ti Àméníà lè bá yín mu. Igi apricot ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì nípọn. UNESCO kọ orin rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2008. Nóòtì rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n kàn lé díẹ̀ ní octave kan, ìyẹn láti nóòtì kan dé òmíràn lókè tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ fẹ́ kí ètè yín kan ríìdì rárá, ẹ béèrè fèrè kékeré tí àwọn tó ń fọn bagpipe (fèrè alápò) fi ń kọ́ṣẹ́. Inú ìdérí ni ríìdì tirẹ̀ wà.

Cor anglais ńkọ́? Àbúrò oboe ni, àmọ́ ó gùn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí ìka ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí oboe náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kàn fi nóòtì márùn-ún relẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ni. Oboe ni wọ́n máa ń kọ́ kí wọ́n tó bọ́ sórí rẹ̀. Contrabassoon, bassoon ńlá tí ohùn rẹ̀ tún relẹ̀ sí i, náà ń dúró de ẹni tó bá ti mọ bassoon. Ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ gbólóhùn kan láìdárúkọ fèrè kankan: “Mo fẹ́ máa fọn irú orin báyìí, pẹ̀lú àwọn èèyàn báyìí, níbi báyìí.” Bí ẹ kò bá lè parí rẹ̀, ẹ má tíì lọ sí ìpele tó kàn. Láti ibí lọ, oboe àti bassoon ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ni wọ́n sábà máa ń bára wọn du ọkàn olùbẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ yẹ ara yín wò

Ìka ló kọ́kọ́ kàn. Oboe gùn tó nǹkan bíi 65 sẹ̀ǹtímítà, àwọn ihò rẹ̀ súnmọ́ra, ọwọ́ ọmọdé lè ká a. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń gbé ìwọ̀n rẹ̀, àtàǹpàkò yẹn á sì sọ fún yín. Okùn ọrùn máa ń gbà á sílẹ̀.

Bassoon yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá na ihò inú rẹ̀, ó gùn tó mítà méjì àbọ̀. Kíká ni wọ́n ká a tó fi dúró ní bíi 134 sẹ̀ǹtímítà. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, okùn tí a ń jókòó lé tàbí èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká ló ń gbé e. Ibi tí ọwọ́ kékeré ti máa ń ṣòfò ni ọwọ́ òsì: ìka ìkẹta gbọ́dọ̀ na dé ihò kẹta kó sì dí i mọ́ pinpin, láì jẹ́ kí méjì tó ṣáájú yọ kúrò. Àtàǹpàkò òsì tún ní kíì (irin kéékèèké tí ìka ń tẹ̀) bíi mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́, ti ọ̀tún ní mẹ́rin. Lórí oboe, àtàǹpàkò òsì kò ní iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ọwọ́ bá kéré, kò tíì parí. Bassoon kan wà tí wọ́n fi kíì bo ihò kẹta yẹn kí ìka má bàa nà jù. Àwọn kéékèèké tí ohùn wọn ga ju ti àgbà lọ tún wà fún ọmọdé.

Eyín àti ètè: lórí oboe àti bassoon, ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń ká bo eyín. Ẹni tí wọ́n fi wáyà tún eyín ṣe lè fọn ọ́n, àmọ́ wáyà á máa ha inú ètè. Ó sàn kó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn eyín bóyá ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ètè tó nípọn kò dára fún oboe. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Bí ètè bá nípọn, a ó fà á wọlé sí i díẹ̀, ó tán.

Ìkìlọ̀ tó lágbára: oboe ń mú kí afẹ́fẹ́ máa tẹ inú ẹnu gidigidi. Bí dókítà bá ti sọ fún yín pé ìfúnpá inú ojú yín ga, tàbí tí ẹ ní ìpákè, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọn ohunkóhun nínú àwọn fèrè yìí.

Ìwé orin náà wà níbẹ̀. Clef ni àmì tó ń sọ nóòtì tí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Treble clef, ti ohùn òkè, nìkan ni oboe ń kà. Bassoon ń ka bass clef, ti ohùn ìsàlẹ̀, tó bá gòkè a máa bọ́ sínú tenor clef. Ẹni tó ti ń tẹ dùùrù á rí i pé ọwọ́ òsì òun ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́dọ̀ ẹni tó ní fèrè náà, ẹ gbé e dání fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọn ọ́n, kí gbogbo ìka wà lórí ihò tàbí kíì tirẹ̀. Kí ẹ wo orí ìka yín lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ihò bá wà, bí àmì rẹ̀ bá hàn roboto láìṣẹ́ kù níbì kankan, ọwọ́ ká a. Bí àmì kan bá jẹ́ ìlàjì, tàbí tí ọrùn ọwọ́ ń ro yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpele 3: Ríìdì nìkan, láìsí fèrè

Ìpele yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì máa sọ òtítọ́ fún yín. Bí ẹ ò bá ní ju ìpele kan ṣe nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ ṣe eléyìí.

Ẹ kọ́kọ́ rì í sómi. Ríìdì gbígbẹ kò ní dún, ẹnu rẹ̀ sì lè là. Ẹ ti apá koríko ríìdì oboe bọ omi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ má jẹ́ kí kọ́ọ̀kì tó wà nídìí rẹ̀ wọmi. Ẹ ri odindi ríìdì bassoon, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ìkìlọ̀: ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi kí ẹ lọ jẹun. Omi tó pọ̀ jù máa ń la ẹnu ríìdì sílẹ̀ gbàù, ètè olùbẹ̀rẹ̀ ò sì ní lè kápá rẹ̀. Itọ́ nìkan ò tó fún ríìdì tuntun.

Ti oboe: ẹ gbé orí ríìdì lé àárín ètè ìsàlẹ̀. Ẹ ká ètè méjèèjì wọlé díẹ̀ kí wọ́n bo eyín, kí orí ríìdì lásán ló wọ ẹnu. Ẹ wo jígí: àgbọ̀n gbọ́dọ̀ tẹ́, igun ẹnu gbọ́dọ̀ sún wọ àárín bí ẹni fẹ́ súfèé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wú. Ẹ wá fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò gbọ̀n. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á jáde.

Ti bassoon: ètè ń bo eyín níbẹ̀ náà, àmọ́ ríìdì ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètè òkè súnmọ́ wáyà àkọ́kọ́ tó dì í lára, ti ìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá ń pe “ọ̀”. Bó bá dún, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní bassoon pé kó yá yín ní bocal, ìyẹn ọ̀pá irin tó tẹ̀ tí ríìdì ń wọ̀. Ríìdì àti bocal nìkan sábà máa ń dún súnmọ́ nóòtì C lórí áàpù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni jíjẹ ríìdì bí ẹran. Wọ́n á fẹ́ kó dún, kò ní dún, wọ́n á fún eyín pọ̀. Ríìdì oboe tí a bá fún pọ̀ á pa ẹnu dé, ohùn á já. Ti bassoon á ṣì dún, ohùn rẹ̀ á kàn ga sókè á sì tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tí olùbẹ̀rẹ̀ bassoon fi lè máa jẹ ríìdì fún oṣù mélòó kan láìmọ̀. Bó ò bá dún, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi eyín kún un.

Bí afẹ́fẹ́ bá kún tí kò sì dún síbẹ̀, ẹ wo ẹnu ríìdì níwájú ìmọ́lẹ̀. Bó ti pa dé, ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì jẹ́ẹ́, ó máa là. Bó là jù, ẹ tẹ pẹlẹbẹ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ríìdì bassoon ní wáyà, orí wáyà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má fi ìka kan ṣóńṣó orí rẹ̀ rárá. Etí ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé èékánná lè ya á. Yàtọ̀ sí ẹni tó bá ń bá yín dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ríìdì yín sẹ́nu.

Àyẹ̀wò ríìdì fúnra rẹ̀ wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má bàa dá ara yín lẹ́bi torí ríìdì burúkú. Ẹ ki ríìdì bọ ẹnu jìnnà débi okùn tó wé ìdí rẹ̀, kí ètè kàn gbá a mú lásán, kí ẹ sì fẹ́ ẹ. Ríìdì oboe tí wọ́n ha lọ́nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà ha á máa ń dún bíi C méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti bassoon á há, bí ẹni pé ohùn púpọ̀ ń jà nínú rẹ̀; bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn bá gbà á lọ́wọ́ yín (kó fi omi ṣan án o) tí kò dún fún òun náà, ẹ gba òmíràn.

Ẹ ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ríìdì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ètè bá ti ń gbọ̀n, ó tó fún ọjọ́ náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ohùn kan gùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí abẹ́rẹ́ áàpù kò fò kiri. Kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra. Lẹ́yìn náà ẹ dáhùn ìbéèrè kan tí kò sí nínú áàpù: ní ọjọ́ karùn-ún, ríìdì wo ni ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ bá? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìpele 4: Èémí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oboe ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹnu ríìdì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í tán nínú ẹni tó ń fọn ọ́n. Ó máa ń ṣẹ́ kù, ó sì ti ṣá. Orin á parí ìlà kan, àyà á kún, síbẹ̀ ara á máa béèrè èémí tuntun. Ẹni tí kò mọ̀ á tún mí kún un, orí á fò ó. Ohun tó yẹ ni kó kọ́kọ́ mí síta kó tó mí sínú.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ríìdì oboe: ẹ fọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ẹ mí síta kíákíá, ẹ mí sínú, ẹ tún fọn. Ìgbà mẹ́fà. Ẹ ṣe ìkan náà pẹ̀lú ríìdì bassoon tó wà lórí bocal. Níbẹ̀ afẹ́fẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ lè tètè nílò láti mí sínú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìgbà kẹfà, orí kò gbọdọ̀ máa lù yín, ojú kò sì gbọdọ̀ pọ́n. Bí ti oboe bá ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń mí síta bó ṣe yẹ, bassoon á rọ̀ yín lọ́rùn jù.

Ìpele 5: Ta ló máa fún yín ní ríìdì, ta ló máa kọ́ yín?

Ríìdì ń kú. Orí rẹ̀ ń rọ, ó ń dọ̀tí, ó ń sán. Fún ẹni tó ń fọn lójoojúmọ́, ríìdì oboe lè parí iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti bassoon máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó yan fèrè kankan, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tàbí ibi tí ríìdì yín á ti máa wá láìdáwọ́ dúró. Mẹ́ta ni kó wà nínú àpótí nígbà gbogbo, kí ẹ máa lò wọ́n ní yíyí.

Àwọn tó bá tẹ̀ síwájú máa ń ṣe ríìdì fúnra wọn. Arundo donax ni orúkọ koríko náà. Àgbègbè Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lókìkí fún un. Wọ́n á là á, wọ́n á fá inú rẹ̀, wọ́n á gé e ní ìrísí, wọ́n á fi okùn dì í, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ ha á títí tó fi dún. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ràn apá yìí ju fífọn lọ, mo sì ti rí àwọn tó torí rẹ̀ pa oboe tì. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ń sú yín, ẹ béèrè nípa ríìdì oníke; ilé-iṣẹ́ Légère ní Kánádà ń ṣe ti oboe àti ti bassoon. Ó wọ́n ju ti koríko lọ, àmọ́ kò nílò rírì sómi.

Ìkìlọ̀: ríìdì oboe kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ha tiwọn gùn ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ, ètè sì ń lò wọ́n lọ́nà tó yàtọ̀. Irú èyí tí olùkọ́ yín ń lò ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá kó ríìdì oríṣi méjì jọ nínú oṣù àkọ́kọ́ kò ní mọ̀ bóyá òun ló ṣàṣìṣe tàbí ríìdì.

Ní ti olùkọ́, ẹ̀kọ́ orí fídíò lè tún ìka ṣe, ó lè tún ìjókòó ṣe. Kò lè mú ríìdì yín lọ́wọ́ kó ha á. Bí olùkọ́ bá jìnnà, ó kéré tán ẹ wá ẹnì kan tí ẹ lè rí lójúkojú lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ ẹni méjì ti wà nínú ìwé yín, ẹni tó ń ta ríìdì àti ẹni tó ń kọ́ni. Bí fèrè kan bá ní méjèèjì tí èkejì kò ní, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ìpele 6: Fèrè gan-an, yíyá ni kí ẹ kọ́kọ́ yá a

Ẹ yá a, kí ẹ sì mú olùkọ́ dání lọ wò ó. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú láìní orúkọ olùṣe: kíì rẹ̀ máa ń tẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í tọ́, àwọn alátùn-únṣe púpọ̀ kì í sì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Lórí oboe, ẹ béèrè irú ètò kíì tó ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní conservatoire ló gbilẹ̀ jù. Thumbplate wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti olùkọ́ yín ni kí ẹ mú. Kí ó ní kíì F fún ọwọ́ òsì, nítorí láìsí i, àwọn ìyípadà ìka kan á di ìjàkadì láìpẹ́. Kí ó sì dé B♭ ìsàlẹ̀. Igi dúdú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó dára, igi náà sì lè sán bí ooru àti òtútù bá ń fò lé e lórí, pàápàá ní apá òkè. Ẹ yí i níwájú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá àwọn ihò kéékèèké. Fún olùbẹ̀rẹ̀, oníke kì í ṣe àbùkù. Bó bá jẹ́ onígi tuntun, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn síkírúù wínníwínní tó wà lára rẹ̀, ẹ má yí wọn. Olùkọ́ ló ni wọ́n, tàbí alátùn-únṣe.

Lórí bassoon, ètò Heckel ti Jámánì ni ẹ fẹ́. Ti Faransé tó ń jẹ́ Buffet ṣì wà, ìka rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní i kò tó nǹkan. Ẹ wo apá ìsàlẹ̀ tó nípọn jù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí padà lọ sókè. Omi ẹnu ń kóra jọ síbẹ̀, igi ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tan iná wò ó, bó bá dúdú tó sì rọ̀, ẹ dá a padà. Bocal náà ṣe pàtàkì: ó ní nọ́ńbà lára, nọ́ńbà tó ga jù gùn jù, ohùn rẹ̀ sì relẹ̀ jù. Kí nọ́ńbà 1 àti 2 wà nínú àpótí bó bá ṣeé ṣe. Bassoon oníke wà pẹ̀lú, Fox ní Amẹ́ríkà ń ṣe é, ó sì ń fara da ìyà ilé-ìwé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú apá òkè oboe, tàbí apá bassoon tí ọwọ́ òsì ń dì. Ẹ fi ìka dí gbogbo ihò, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ ètè yín fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá tú lójú ẹsẹ̀, ó ń jò, páàdì kan kò sì bò dáadáa. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ fọn àwọn nóòtì ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́jẹ́. Fèrè tó ń jò á máa kọ̀ níbẹ̀ kó tó kọ̀ níbòmíràn.

Ìpele 7: Oṣù ìdánwò, kí ẹ tó pinnu

Ẹ yá ọ̀kan, kì í ṣe méjèèjì. Ètè tó ń fọn oboe láàárọ̀ tó tún ń fọn bassoon lálẹ́ kò ní mọ èwo lòun ń kọ́. Ọ̀kan tí ìwé yín bá gbè lẹ́yìn jù ni kí ẹ mú: ríìdì tí ọwọ́ lọ bá, èémí tí kò lu orí, ọwọ́ tó ká a, olùkọ́ tó wà nítòsí. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, mo máa ní kí ẹ tẹ̀ lé olùkọ́. Ẹni tó ti ń fọn saxophone tàbí flute tẹ́lẹ̀ á rí i pé ìka oboe kò ṣàjèjì sí òun púpọ̀. Ti bassoon á ṣàjèjì sí gbogbo ayé.

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó, pín in sí méjì. Lórí oboe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti B, A àti G tí ọwọ́ òsì nìkan ń mú. Lórí bassoon, F, E, D, C. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ fa omi inú rẹ̀ jáde, kí ẹ yọ ríìdì kúrò kó lè gbẹ nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ríìdì tí a bá há mọ́ inú ọ̀rá máa ń hu funfun.

Ìkìlọ̀: ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn sábà máa ń burú ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ètè ti rẹ̀, ríìdì àkọ́kọ́ sì ti ń gbó. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dá fèrè padà. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ríìdì, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin: ẹ lè fọn nóòtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn tẹ̀ léra láìjá, kí áàpù dá orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ lè dá ríìdì tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti kú láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìrora nínú ọwọ́ tàbí ètè tó ń wà di ọjọ́ kejì. Bí méjì nínú mẹ́ta bá kùnà, ẹ dá fèrè náà padà, kí ẹ fi oṣù tó tẹ̀ lé e dán èkejì wò. Bí gbogbo wọn bá bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá yín wá èyí tí ẹ máa rà, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ra ríìdì mẹ́ta mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.